Ẹ ṣọ́ra fún pọ́ǹpù epo "tíà rọ́bà": àlòkù ni wọ́n ń fọ̀ sínú páálí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń gun Honda Accord 1994 sí 1997, ẹ gbọ́ o. Olè ti wọ ìdí ọjà páàtì. Olè ni mo pè wọ́n, ẹnu mi ò ṣì.

₦45,000 ni mo kà sílẹ̀ fún pọ́ǹpù epo. Páálí ń dán, ọ̀rá wà lára rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní: "Ọ̀gá mi, tíà rọ́bà ni, ẹ ò ní padà wá bá mi." Ìgbà tí mo padà dé, ó ní ọjà iná ni, àwọn kì í gbà á padà!

Ẹ wo ohun tó wà nínú páálí náà. Ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀ ti ha, wọ́n ti ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ rí. Wọ́n ti fi sáńpépà ha nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò. Asẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, torí asẹ́ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ihò tí epo ń gbà jáde ń rùn bẹntiróòlù. Pọ́ǹpù tí kò wọ táǹkì rí, níbo ló ti mu bẹntiróòlù? ₦45,000!

Ẹlòmíì á ní kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló ń gbóòórùn pọ́ǹpù láàárín ọjà, tí rewire, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó mú un wá dúró tì í, tó ń sọ pé "èyí gan-an ni"? Àfàìmọ̀ kí òun náà má ti gba tiẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé pọ́ǹpù tó ti wà nínú táǹkì mi tẹ́lẹ̀ ò tiẹ̀ bàjẹ́. Main relay ni, ìyẹn súwíìṣì tó ń gbé iná lọ fún pọ́ǹpù. Ọkọ̀ ń kíkì dáadáa, kò gbiná, pàápàá tí oòrùn bá ti pa á. Tó bá tutù, á tún sítáàtì. Àìsàn Accord yìí ni: lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó àwọn ẹsẹ̀ inú relay náà mọ́lẹ̀ ti sán, ooru á la ojú sísán, iná ò ní dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù mọ́. Abẹ́ dáṣíbọọ̀dù lápá awakọ̀ ló wà. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún lẹ́ẹ̀dì jó sí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó parí. Rewire wo ni kò mọ èyí?

Kẹ́ ẹ tó ra pọ́ǹpù kankan, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má kíkì. Ó yẹ kí pọ́ǹpù kùn lẹ́yìn ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí kò bá kùn, ẹ wo fúúsì, kẹ́ ẹ wá fi gílóòbù ìdánwò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù bí ẹnìkan ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Gílóòbù tàn, pọ́ǹpù dákẹ́: pọ́ǹpù ti kú. Gílóòbù ò tàn: relay tàbí wáyà ni. Tí pọ́ǹpù bá ń kùn tí ọkọ̀ ò gbiná, ẹ lọ wo iná pọ́lọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì àti igniter, àwọn tó ń ṣe iná pọ́lọ́ọ̀gì nínú distributor tó ń pín in, náà máa ń kú.

Ẹ má gba pọ́ǹpù ọkọ̀ oní-kábúrétọ̀ o, agbára tó fi ń ti epo kì í tó 10 psi, tiyín ju 30 lọ.

Ì báà ṣe Ládípọ̀, ì báà ṣe Gate n'Íbàdàn, ẹ tú páálí kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sí rìsíìtì pé òun á gbà á padà. Tí kò bá kọ ọ́, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Gbogbo wọn ni mo ń fojú olè wò báyìí, ẹni tó bá dùn kó dùn.

Ìwọ tó tà á fún mi, o mọ ara rẹ. Pọ́ǹpù rẹ wà nínú búùtù mi, wá kó o, kó o sì mú owó mi dání.