Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ra Kọ́bọ̀ Oníhò Ọdún 1936 ní Gbàǹjo Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń kó owó àtijọ́ jọ, mo kọ èyí kí ohun tó ṣe mí má bàa ṣe yín. Ní oṣù tó kọjá, pọ́n-ùn 85 ni mo san fún kọ́bọ̀ oníhò kan tí wọ́n rọ ní 1936 fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, torí ẹni tó gbé e sí gbàǹjo kọ ọ́ gàdàgbà pé owó Ọba Edward Kẹjọ ṣọ̀wọ́n gan-an, àti pé ẹyọ kan ṣoṣo yìí ló wà lọ́wọ́ òun.

Òtítọ́ ni wọ́n fi di irọ́ yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń mú ènìyàn. Edward Kẹjọ kò pé ọdún kan lórí oyè: January 1936 ló jọba, December ọdún náà ló fi ìtẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó kó owó tó ní àwòrán orí rẹ̀ jáde fún níná nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀nba tí wọ́n ti rọ fún àyẹ̀wò ló wọ́n bí imí eégún, débi pé wọ́n ta ọ̀kan nínú owó wúrà rẹ̀ ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní 2020. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ tiwa kò ní àwòrán ọba kankan. Orúkọ lásán ni wọ́n kọ sí i, nítorí náà kíá ni wọ́n pààrọ̀ orúkọ, tí wọ́n sì rọ ọ́ ní àìmọye mílíọ̀nù. Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gambia ni wọ́n ti ná an, ó sì pẹ́ lọ́jà lẹ́yìn tí ọba náà ti lọ. Lẹ́tà H tó wà lára rẹ̀, tí olùtà náà ń pariwo pé àmì àṣìṣe ni, àmì ilé ìrọwó kan ní Birmingham ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo yẹ ìtàn ohun tí olùtà náà ti tà wò, mo rí i pé ó ti ta “ẹyọ kan ṣoṣo” yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, pẹ̀lú àwòrán kan náà, àti pé orúkọ kan náà ló ń fowó lé owó nínú gbogbo rẹ̀ láìra ọ̀kan rí, bí ẹni tó kàn ń bá a gbé iye rẹ̀ sókè. Ẹ má wo iye tí olùtà ń béèrè. Iye tí irú rẹ̀ ti lọ gan-an ni kí ẹ wá, ẹ óò sì rí i pé pọ́n-ùn díẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti ná lọ ná bọ̀. Èyí tí kò tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè gbówó lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì burú kí olùtà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ibi gbàǹjo náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tà. Nínú àwòrán rẹ̀, nǹkan ti ha kọ́bọ̀ náà láti ẹnu ihò dé etí. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi kò ní ibi híha kankan.