Alésage ní Àjàṣẹ́: ọwọ́ wọn dáa, ìwọ̀n ló kù

Ọ̀tá ẹ́ńjìnnì kúwáàdì, alùpùpù onítáyà mẹ́rin, ni eruku pupa ojú ọ̀nà oko Kétu àti Ṣábẹ̀. Tí fílítà afẹ́fẹ́ bá ya, tàbí tí kò jókòó dáadáa, eruku á wọlé, á máa họ inú sìlíńdà. Kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì á fi máa mu ọ́ìlì. Ìgbà náà ni wọ́n á gbé e wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fún alésage, kí wọ́n gbẹ́ ihò sìlíńdà kó fẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi písítọ́nù tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, tí iṣẹ́ àwọn zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, ń gba kúwáàdì náà. Iṣẹ́ wọn la fẹ́ yẹ̀ wò.

Ọwọ́ wọn dáa nídìí ẹ̀rọ. Wọn kì í fi dírílì ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ìdí sìlíńdà, níbi tó ti ń jókòó sórí ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n ń gbé ìwọ̀n lé kí ihò lè dúró ṣánṣán, torí bó bá fì, ẹ̀gbẹ́ kan písítọ́nù á máa jẹ. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ń dúró nígbà tó bá ku nǹkan bíi 0.05 mm, òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin á wá parí ìyókù, á fa ìlà tó dábùú ara wọn sára irin. Inú ìlà yẹn ni ọ́ìlì ń dúró sí. Sìlíńdà tó bá ń dán bíi díńgí kò lè di ọ́ìlì mú, rìǹgì, tí wọ́n ń pè ní segment níbí, kò sì ní jókòó.

Ìwọ̀n ló kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n máa ń gbẹ́ ihò kí písítọ́nù tó dé, wọ́n á ní “0.50 ni”, ìyẹn iye mílímítà tí písítọ́nù fi tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má gbà. Páálí méjì lè jọ pe ara wọn ní 0.50, kí písítọ́nù inú wọn má bára mu. Mákíròmítà, irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan tó kéré gan-an, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wọn písítọ́nù, ní ìsàlẹ̀, lápá tó dábùú ihò pín-ìn-nì ẹ̀, kí wọ́n tó wá gbẹ́ sìlíńdà bá a. Písítọ́nù tí wọ́n dà sínú mọ́òdù sábà máa ń fẹ́ àyè 0.03 sí 0.05 mm. Èyí tí wọ́n rọ máa ń wú jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá gbóná, ẹ wo ìwé inú páálí ẹ̀. Àyè tó bá fún jù, písítọ́nù á gán nínú ooru. Tó bá fẹ̀ jù, á máa kan gbọ̀ngbọ̀n láàárọ̀, rìǹgì á sì tètè jẹ. Ẹnu rìǹgì, àlàfo ibi tó ti là, náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: nǹkan bíi 0.3 mm fún ihò 85 mm.

Ṣé alésage ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́? Kò bà á jẹ́, bó bá mọ níwọ̀n. Ẹ wo Honda TRX400EX: ihò rẹ̀ jẹ́ 85 mm, písítọ́nù ń rin 70 mm, ó jẹ́ 397 cc. Tí wọ́n bá gbé ihò náà dé 85.50, ó di 402 cc péré, ẹ́ńjìnnì á sì ṣiṣẹ́ bíi tuntun. Àmọ́ 89 mm tí ilé iṣẹ́ yìí fẹ́ràn láti fi lọ àwọn oníbàárà máa sọ ọ́ di 435 cc. Millimita 2 lọ yíká ara irin inú sìlíńdà nìyẹn. Irin fẹ́lẹ́ máa ń tẹ̀ nínú ooru. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, etí ẹ̀ á yọ sínú iná. Gicleur kábúrẹ́tọ̀, ihò kékeré tí ẹ̀sáńsì ń gbà kọjá, gbọ́dọ̀ yí padà, torí ẹ̀sáńsì tó kéré máa ń sun orí písítọ́nù. Ẹ wá fi kpayo, ẹ̀sáńsì ẹ̀bá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, sí i, ẹ́ńjìnnì á máa kan. Kúwáàdì tó ń ru ẹ̀gẹ́ kò nílò ìyẹn rárá. Ìwọ̀n tó kéré jù tó bá ti pa gbogbo ojú ibi tí eruku ti họ rẹ́ ni kí ẹ gbà: 0.25 tàbí 0.50, kí ó lè ku irin fún ìgbà mìíràn.

Ohun kan wú wa lórí: wọ́n ń dá sìlíńdà Suzuki LT-Z400 àti Yamaha Raptor 700 padà. Ti ìwọ̀nyí kò ní irin nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ìpara líle kùn ni. Ọ̀bẹ á gé ìpara náà kúrò. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ògiri ihò kí ẹ tó gbéra ní Kétu: tí kò bá lẹ̀ dáadáa, tuntun lẹ máa rà.

Wọn kì í fọ iṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀sáńsì tí wọ́n fi ń nù ún kò lè kó ìyẹ̀fun òkúta jáde. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni, títí aṣọ funfun á fi jáde ní funfun, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀ kó má dípẹtà. Fún rodage, ìwakọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn 100 km àkọ́kọ́, kí ẹ má sì di ẹrù lé e títí 500 km.

Kí ẹ tó sanwó, ní kí wọ́n wọn ihò níwájú yín lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ìyàtọ̀ bá ju 0.01 mm lọ, ẹ fi sìlíńdà sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe.