Irúgbìn kárọ́ọ̀tì tí wọ́n fi amọ̀ bò: mo ti lò ó, èrò mi rèé

Ẹni tó bá ti gbin kárọ́ọ̀tì sẹ́yìnkùlé rí á mọ̀ pé irúgbìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dá wàhálà sílẹ̀, kí kòkòrò tàbí ọ̀dá tó dé. Hóró rẹ̀ kéré débi pé gíráàmù kan lè ní tó 800. Ẹ wọ́n ọn sórí ebè báyìí, ibì kan á ki pìtìpìtì, ibì kan á dá páropáro. Kárọ́ọ̀tì kì í sì í ṣe ohun tí à ń lọ́ gbìn bíi tòmátì. Gbòǹgbò àkọ́kọ́ gan-an la máa jẹ, tó bá sì ti ṣẹ́ tàbí tó ká kò, ó máa ya ẹsẹ̀ ni. Ibi tí hóró bá bọ́ sí náà ni yóò dàgbà sí, àpọ̀jù rẹ̀ di fífà tu.

Ìdí tí mo fi ra èyí tí wọ́n fi amọ̀ bò nìyẹn. Hóró kọ̀ọ̀kan wà nínú amọ̀ gbígbẹ, ó rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, ojú sì ń rí i dáadáa lórí ilẹ̀ dúdú. Nantes ni irú tó wà nínú ọ̀rá tí mo rà, èyí tó gùn níwọ̀nba, tí ìdí rẹ̀ kò ṣóṣóró.

Gbígbìn rẹ̀ dùn mọ́ mi. Mo fi igi fa ilà tí kò jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan, mo ń fi ìka méjì mú hóró lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí àárín wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n á mọyì rẹ̀ jù mí lọ.

Àmọ́ omi! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá náà kò sì tó nǹkan: “Ẹ bomi rin ín.” Gbogbo irúgbìn kárọ́ọ̀tì ló fẹ́ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ti alámọ̀ yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amọ̀ náà gbọ́dọ̀ mu omi yó kó tó là, kí hóró inú rẹ̀ tó lè rí omi. Tó bá tutù lẹ́ẹ̀kan, tí oòrùn wá pa á kó tó là, ó lè gan mọ́ hóró náà lára, ó sì há síbẹ̀ nìyẹn. Kárọ́ọ̀tì ò sì yára hù: ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ni, bí ilẹ̀ bá ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́ sí. Ní gbogbo àkókò yẹn, ojú ilẹ̀ ò gbọdọ̀ gbẹ. Mo wọ́n omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì fi àpò tútù bo ebè kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi èkejì sílẹ̀ láìbò kí n lè wò ó. Èyí tí mo bò hù dáadáa, èyí tó wà ní gbangba ní àlàfo káàkiri. Gbàrà tí ewé bá ti yọrí ni kẹ́ ẹ ká àpò náà kúrò o.

Iṣẹ́ fífà tu fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, ẹ̀yìn mi sinmi. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí wọn ò kọ sára ọ̀rá: òórùn ewé kárọ́ọ̀tì tí a bá fọwọ́ pa máa ń fa eṣinṣin kárọ́ọ̀tì mọ́ra (eṣinṣin tí ìdin rẹ̀ máa ń jẹ gbòǹgbò kárọ́ọ̀tì), níbi tí irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀ bá wà. Bí a ò bá fà á tu púpọ̀, òórùn náà á dín kù.

Ẹ má rò pé amọ̀ yìí máa bá yín tún ilẹ̀ ṣe. Àwọn kan ń bá irúgbìn wí pé kárọ́ọ̀tì àwọn ya ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ni kí wọ́n bá wí. Òkúta, ilẹ̀ tó le gbagidi, àjílẹ̀ tí kò tíì jẹrà, àwọn aràn tíntìntín tó ń jẹ gbòǹgbò, wọ̀nyẹn ló ń fà á. Mo wa ilẹ̀ tèmi jìn, mo ṣa òkúta inú rẹ̀, kárọ́ọ̀tì mi gún. Àwọn tí orí wọn yọ síta fẹ́ máa di àwọ̀ ewé nítorí oòrùn, mo bá wọ́ ilẹ̀ bò wọ́n. Ní ti adùn, kò yàtọ̀ sí Nantes tí wọn ò bò.

Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sí déètì kankan lára ọ̀rá náà. Irúgbìn lásán lè lò tó ọdún 3 níbi tó gbẹ, ṣùgbọ́n alámọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún tí a bá rà á ló yẹ ká gbìn ín tán. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ìgbà tó ti wà lórí àtẹ?

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ẹni tó máa ń wà nílé, tí ebè rẹ̀ ò pọ̀, kó rà á. Ẹni tí kò lè máa bomi rin lójoojúmọ́, kó ra irúgbìn lásán, kó pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó tó wọ́n ọn. Tó bá sì jẹ́ Paris Market lẹ fẹ́ gbìn, ìyẹn kárọ́ọ̀tì róbótó, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí amọ̀. Irú yẹn ò kọ̀ kó fún mọ́ra díẹ̀.