Wentworth: Ìjà Ipò àti Ìdúróṣinṣin Láàárín Àwọn Obìnrin Ẹlẹ́wọ̀n

Nínú gbogbo eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n tó dá lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin, n kò tíì rí èyí tó fi bí àṣẹ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn hàn kedere tó Wentworth. Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, ó sì parí lọ́dún 2021 lẹ́yìn sáà mẹ́jọ àti ìpín 100. Láti inú Prisoner, eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí àwọn ará Ọsirélíà wò láti 1979 títí di 1986, ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wo ti àtijọ́ rárá kò ní sọnù nínú tuntun yìí.

Bea Smith, aṣerunlóge tí ọkọ rẹ̀ ti fi lílù sọ ayé rẹ̀ di ọ̀run àpáàdì, dé ọgbà ẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ pa ọkọ náà. Ó bá ìjà nílẹ̀ láàárín Jacs Holt, àgbàlagbà obìnrin tí ìdílé rẹ̀ ń ṣòwò ọ̀daràn, àti Franky Doyle, ọ̀dọ́ tó ti ń ṣe bí olórí nígbà tí wọ́n fi Jacs sí àtìmọ́lé àdáwà. Ẹni tó bá di Top Dog, ìyẹn olórí àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ló ń pinnu bóyá oògùn olóró yóò wọlé, ẹni tí wọn yóò dáàbò bò, àti ẹni tí wọn yóò fìyà jẹ. Kris McQuade, tó ṣe Jacs, kì í pariwo. Ó ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ ikú, ó sì rán Brayden ọmọ rẹ̀ lọ fa ojú Debbie, ọmọbìnrin Bea, mọ́ra, kí ó lè ní ohun tí yóò fi de ìyá rẹ̀. Oògùn olóró ló pa Debbie níkẹyìn. Ní ìparí sáà kìíní, Bea wọ yàrá Jacs, ó sì fi kálàmù lásán gún un lọ́rùn. Ìpayà tó wà lójú Danielle Cormack, tó ṣe Bea, lẹ́yìn tó ti ṣe é tán dùn mí ju ìgúnni náà lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i pé obìnrin tó ń bẹ̀rù ìdájọ́ ti di ẹni tí àwọn ẹlòmíràn yóò máa bẹ̀rù.

Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ àwọn olórí tó tẹ̀ lé ara wọn. Bea kọ oògùn olóró. Kaz Proctor, tó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀, kọ ìwà ipá, ó sì ṣòro fún un láti fi ẹnu nìkan mú àwọn tó ti mọ ẹ̀ṣẹ́ lára. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin ni àwọn òǹkọ̀wé eré yìí mọ̀ jùlọ. Ẹ wo Liz Birdsworth, ìyá tí gbogbo ọgbà fọkàn tán, tí àwọn ọlọ́pàá fi ìtúsílẹ̀ ṣèlérí fún kí ó lè gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu Sonia Stevens, ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárín àwọn obìnrin tó ka títú àṣírí fún wọ́dà sí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì, Liz ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ tà. Celia Ireland ṣe é débi pé ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Boomer ni ààyò mi. Òun ni ọwọ́ agbára Franky, ó lè lu ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀, kò sì béèrè ohun kan ju kí wọ́n fẹ́ràn òun. Nígbà tí Franky gba ìtúsílẹ̀ ní ìparí sáà kẹta, Boomer dà bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ọjà. Katrina Milosevic kò jẹ́ kí ẹ̀dá yìí di ẹni ẹ̀rín lásán.

Joan Ferguson, ọ̀gá àgbà ọgbà náà láti sáà kejì, mọ̀ pé ìṣọ̀kan àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló lè gba àṣẹ lọ́wọ́ òun, nítorí náà ó ń dá wọn sí wẹ́wẹ́. Pamela Rabe ṣe é lọ́nà tó ń mú ara ẹni tutù. Ní ìparí sáà kẹrin, nígbà tí Ferguson, tó ti di ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀, fẹ́ gba òmìnira, Bea mọ̀ọ́mọ̀ ju ara rẹ̀ sórí sukudiráfà tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà, kí ọ̀ràn ìpànìyàn lè so mọ́ ọn lọ́rùn.

Láti ìgbà náà, agbára eré náà dín kù. Wọ́n gbára lé Ferguson jù, ohun ìyanu sì ń gba ipò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ àwọn sáà ìṣáájú. Ìwà ipá inú rẹ̀ le, ti ìbálòpọ̀ náà sì wà níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń wò pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kò tó lè dúró síbi ìparí sáà kẹrin, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn Bea ti pé. Ẹni tó bá fẹ́ràn Boomer bíi tèmi ni kí ó bá a lọ dé ìpín tó gbẹ̀yìn.