Bánà tí mo lọ tẹ̀ ní Wuse

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Kubwa, ní Abuja. Lóṣù tó kọjá, mo lọ tẹ bánà kan ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́yìn ọjà Wuse, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, fún ògiri kíláàsì wa. Kò sí àwòrán lórí rẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni:

170141183460469231731687303715884105727

Ẹ kọ 2 sílẹ̀ nígbà 127, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ síra wọn, kí ẹ yọ 1 kúrò: òun nìyẹn. Àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in tí nǹkan ò ní ṣẹ́ kù, prime ni. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Édouard Lucas, ló fi ọwọ́ ṣe ìṣirò tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1876, kò sì sẹ́ni tó rí prime tó jù ú lọ títí di 1951. Ìwé àti kálámù! Ohun tí àwọn ọmọ mi náà ní nìyẹn, ìdí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n máa rí i láràárọ̀.

Nígbà tí mo gbé bánà délé, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀, mo ro ẹyọ nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1 àti 7 àti 0, títí dé òpin. 154 ló yẹ kó jẹ́. 153 ni mo rí. Ibi tí 1 ti tẹ̀ lé 1, ṣáájú 8 àkọ́kọ́, ẹyọ kan ni wọ́n tẹ̀. 9 pín 153 gééré, nítorí náà 9 á pín gbogbo nọ́ńbà náà. Kì í ṣe prime mọ́ rárá! Ó dùn mí wọra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e padà lọ. Ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ní ẹyọ kan péré ló fò. Ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò dá a lóhùn. Ó fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rò ó pẹ̀lú mi títí ó fi kan 153. Ó ní, “Ẹ má bínú, Àǹtí. A ó tún un tẹ̀.” Kò gba kọ́bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ń ka nọ́ńbà látinú ìwé mi ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọmọ náà ń fojú bá a lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn gan-an ni mo fi ń júwe wọn fún yín.

Ó bi mí bóyá èyí tó tóbi jù ú wà. Mo ní wọ́n rí ọ̀kan ní oṣù kẹwàá 2024 tí ẹyọ nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 41,024,320. Ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò: tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba sẹ̀ǹtímítà márùn-ún bíi tiwa, bánà rẹ̀ á ju ẹgbẹ̀rún méjì kìlómítà lọ. Á dé Èkó, á sì padà wá!

Dúdú ìńkì wọn jinlẹ̀, ó hàn láti ẹ̀yìn kíláàsì. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kò sí, ooru ibẹ̀ sì pọ̀ tí iná bá lọ. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kọ nọ́ńbà yín sínú ìwé ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì rò ó pọ̀ lójú wọn kí wọ́n tó ká bánà fún yín.