Wáyà Cat6 mítà 20 fún PS4: àgbéyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ẹni tí Wi-Fi ilé ti tán ní sùúrù

Wáyà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé. Wáyà Cat6, irú èyí tí ń so ẹ̀rọ mọ́ ráútà láìlo Wi-Fi, aláwọ̀ eérú, mítà 20, tí ẹni tó tà á fún mi ní Queen Cinema, ọjà ẹ̀rọ n'Ìbàdàn, gé lára róòlù, tó sì fi orí sí lójú mi. Owó rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó PS4 (ẹ̀rọ géèmù Sony) tòkunbọ̀. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé géèmù mi ń fà lórí Wi-Fi ló ní kí n lọ ra ráútà tuntun tàbí kí n pààrọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ wáyà nínú wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Bódìjà là ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ráútà wa, onísíìmù 4G, wà ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí ibẹ̀ nìkan ló ti ń rí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dáadáa. PS4 wà ní yàrá mi, ní ìpẹ̀kun kọ̀rídọ̀. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ògiri búlọ́ọ̀kù méjì, èyí tó nípọn ní ínǹṣì mẹ́sàn-án, fíríìjì ńlá kan, àti ilẹ̀kùn irin tí bàbá onílé fi sí kọ̀rídọ̀ nítorí olè. Ẹni tó bá ti gbé ilé Ìbàdàn rí mọ irú ilé tí mò ń sọ.

Lọ́sàn-án, bọ́ọ̀lù EA Sports FC máa ń lọ geere. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, màá tẹ bọ́tìnnì kí agbábọ́ọ̀lù mi gbá a, yóò dúró, bọ́ọ̀lù á ti bọ́ sẹ́sẹ̀ ẹlòmíì kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Nígbà míì gbogbo pápá á dì gbagidi, tó bá sì fi máa ṣí, ẹni tí mò ń bá gbá á ti dé ojú àwọ̀n mi. Síbẹ̀, tí mo bá wọn iyára íntánẹ́ẹ̀tì, á kọ 20 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), á kọ 25.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe nọ́ńbà géèmù. Géèmù kì í fẹ́ dátà rẹpẹtẹ nígbà tí a bá ń gbá a lọ́wọ́, kì í sábà dé 1 Mbps. Ìgbà tí a bá ń gbé géèmù tuntun tàbí àtúnṣe rẹ̀ wálẹ̀ ni Mbps ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ń pa agbábọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ ni ping, ìyẹn iye mìlísẹ́kọ́ǹdì tí ìròyìn kékeré kan fi ń lọ dé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí géèmù wà lórí rẹ̀, tó sì fi ń padà. Tó bá dúró sí 120 ms láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ èèyàn á mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ 120, kó di 380, kó di 95, kó má tilẹ̀ dáhùn rárá, ọwọ́ wo ló fẹ́ mọ́ ìyẹn lára?

Kí n tó ná kọ́bọ̀, mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ gan-an. Ọ̀nà náà pín sí méjì: láti yàrá mi dé ọ̀dọ̀ ráútà, àti láti ọ̀dọ̀ ráútà lọ síta. Lórí láptọ́ọ̀pù Windows, ẹ ṣí cmd, fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí, ẹ kọ ping 192.168.1.1 -t. Nọ́ńbà ráútà tiyín lè yàtọ̀, ẹ wo sítíkà abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí cmd mìíràn, ẹ kọ ping 8.8.8.8 -t (sáfà Google tó wà níta nìyẹn), kí ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ṣe é ní àkókò tí ìyà náà ń jẹ yín, kì í ṣe àárọ̀ kùtù tí gbogbo ayé ń sùn.

Nínú yàrá mi, ráútà ń dáhùn ní 3 ms, 5 ms, 4 ms, lójijì 140, lójijì «Request timed out». Ráútà inú ilé wa o! Ìròyìn mi ò tíì kúrò nínú ọgbà, ó ti ń sọnù. Nígbà tí mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí pálọ̀, ó dúró sí 1 tàbí 2 ms, 8.8.8.8 sì ń lọ láàárín 45 sí 60. Ilé-iṣẹ́ tí à ń ra dátà lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo ilé ti ń bú láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn náà. Ọ̀dọ̀ wa ni ẹjọ́ wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo 5 GHz, ọ̀kan nínú ìgbì méjì tí Wi-Fi sábà ń lò; 2.4 GHz ni èkejì. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. PS4 àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2013, irú tèmi, 2.4 GHz nìkan ló ní. Orúkọ Wi-Fi tó parí sí 5G kò ní hàn lójú rẹ̀ títí ayé. PS4 Slim rí i, Pro rí i, PS5 náà rí i. Mo mọ àwọn tó ra ráútà olówó gọbọi fún PS4 àtijọ́, tí wọ́n wá ń wá orúkọ Wi-Fi kiri. (Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ rèé: 5G ẹ̀yìn orúkọ Wi-Fi ò bá 5G tí àwọn ilé-iṣẹ́ síìmù ń polówó tan rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ta ọjà fún yín.) Láptọ́ọ̀pù mi rí 5 GHz ní tiẹ̀. Ní pálọ̀, ó dùn. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó ti rẹ̀ ẹ́, torí ìgbì yẹn kì í lágbára níwájú búlọ́ọ̀kù bíi ti 2.4.

Èyí tó wá ń gba ògiri kọjá, ìyẹn 2.4, gbogbo àdúgbò ló wà lórí rẹ̀. Ẹ gba áàpù tó ń fi Wi-Fi àyíká hàn sórí fóònù yín, ẹ̀rù á bà yín. Ìkànnì mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn lórí: 1, 6 àti 11. Ní tiwa, orí 6 ni gbogbo ilé tó yí wa ká jókòó sí. Mo wọ inú ráútà, mo gbé tiwa lọ sí 11. Ó sàn, ẹ gbìyànjú rẹ̀ torí ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sàn tó lálẹ́ Sátidé. Microwave náà ń da ariwo sórí ìgbì kan náà, Bluetooth wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti extender tí wọ́n ń tà káàkiri, ẹ̀rọ tó ní láti gba ọ̀rọ̀ kó tó tún un sọ máa fi ìdádúró kún un ni. Ẹni tó ń wo fíìmù lè rà á. Èmi ò rà á.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti wáyà nìyẹn.

Ní Queen Cinema, ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé Cat6 méjì ló wà lọ́jà tí orúkọ kan náà wà lára wọn. Ọ̀kan jẹ́ bàbà látinú dé ìta. Èkejì jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú, ó fúyẹ́, ó tètè ń kán, kò sì gbé iná àti ìròyìn bíi ti bàbà. Mo bi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù léèrè èwo ni tirẹ̀.

«Àǹtí, kọ́pà gidi ni o. Ẹ gbé e dání, ẹ wò ó.»

«Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ bá mi fi bíléèdì ha ẹnu rẹ̀ díẹ̀.»

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ti róòlù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa òmíràn jáde lábẹ́ tábìlì. Èyí tó fà jáde yẹn, a ha á, pupa ló jẹ́ dé inú. Ìyàtọ̀ owó wọn ò pọ̀ tó ohun tí èèyàn máa torí rẹ̀ gba ayédèrú. Ó tún ní òun ní Cat8 «fún àwọn gamer», pẹlẹbẹ, tó ń dán. Mo ní kó máa gbé e pa mọ́. Cat5e lásán, tó wà lábẹ́ Cat6, lè gbé 1000 Mbps dé 100 mítà, Cat6 náà sì ju ohun tí síìmù wa máa fún wa lọ. Bí Cat5e bá wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan.

Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń fi orí sí i. Wáyà wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lọ́ pọ̀ ní méjì-méjì, ètò àwọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu ní orí méjèèjì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-bíráùn, bíráùn. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tan iná ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 8. Kí ẹ rí i kí gbogbo mẹ́jọ tàn kí ẹ tó sanwó. Bí àwọn kan ò bá mú, ẹ̀rọ lè fà sẹ́yìn sí 100 Mbps láìsọ fún yín.

Fífà á nílé kò le. Ẹ̀gbẹ́ síìlì ni mo gbé e gbà, mo fi kílíìpù oníṣòó kan án mọ́ igi, mo yọ ọ́ gba òkè férémù ilẹ̀kùn irin yẹn. Àbúrò mi ní kí n fà á gba ìta fèrèsé, pé ọ̀nà yẹn yá. Mi ò gbà. Oòrùn á jẹ rọ́bà rẹ̀, àrá òjò ìlú yìí sì lè gba orí wáyà bàbà tó wà níta wọlé bá ráútà àti PS4 lẹ́ẹ̀kan náà.

Èsì rẹ̀ wá ńkọ́? Mo kọ́kọ́ ki wáyà náà bọ láptọ́ọ̀pù. Láti yàrá mi dé ráútà, ohun tí cmd ń kọ kò yí padà: «time<1ms», ìlà lórí ìlà, aago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́wàá alẹ́. Kò sí «timed out» kankan mọ́ ní apá yẹn. Nínú géèmù, ping tó máa ń fò láàárín 130 sí 400 wá dúró sí 118 sí 130. Kò kéré, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó dúró. Mo ti wá ń mọ ìgbà tó yẹ kí n tẹ bọ́tìnnì. Gbígbé géèmù wálẹ̀ náà yá sí i, torí Wi-Fi PS4 àtijọ́ kì í gbé tó ìdajì ohun tó ń wọ ráútà wa nínú yàrá yẹn. Ẹ má retí pé ojú àyẹ̀wò íntánẹ́ẹ̀tì ti PS4 fúnra rẹ̀ máa fi ping hàn yín o. Iyára àti irú NAT (bí ọ̀nà ṣe ṣí sílẹ̀ tó fún àwọn ẹlòmíì láti kàn sí PS4 látìta) ló ń kọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo láptọ́ọ̀pù.

Àwọn ohun tí wáyà ò lè ṣe pọ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ wọ́n kí ẹnikẹ́ni má bàa wá bá mi jà. Kò lè mú Yúróòpù súnmọ́ Ìbàdàn. Ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ń sáré ní nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà gbogbo 1,000 kìlómítà ń jẹ 10 ms lálọ-àtàbọ̀. Tí sáfà bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìròyìn mi á kọ́kọ́ dé Èkó, á wọ okùn abẹ́ òkun, á yí etí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ká. Bí géèmù yín bá jẹ́ kí ẹ yan sáfà, ẹ dán èyí tó wà ní Gúúsù Áfíríkà wò pẹ̀lú èyí tó wà ní Yúróòpù, kí ẹ mú èyí tí ping rẹ̀ kéré. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tí ojú rò. Àwọn okùn abẹ́ òkun yẹn náà lè já. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 ló bàjẹ́ pọ̀ ní etíkun Côte d'Ivoire, gbogbo wa la sì rí i ní Nàìjíríà.

Kò tún lè gbà yín lọ́wọ́ ará ilé. Àbúrò mi máa ń gbé fídíò sórí TikTok lálaalẹ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ping mi á kọjá 600, ìbáà jẹ́ wáyà ìbáà jẹ́ Wi-Fi, torí ìròyìn géèmù mi ń tò sẹ́yìn fídíò rẹ̀ nínú ráútà. Ohun tó wo ìyẹn sàn ni ibi tí wọ́n ti ń dín iyára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kù nínú ráútà. Mo dín ìgbésókè fóònù rẹ̀ kù. «Àǹtí mi, kí lẹ ṣe sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mi?» Mo ní kó máa gbé e láàárọ̀. A ṣì ń jà lórí rẹ̀.

NAT Type 3, èyí tó há jù, náà wà bó ṣe wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ síìmù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì kan, wáyà inú ilé ò sì lè yí ìyẹn padà. Ó lè ṣòro láti bá àwọn kan sọ̀rọ̀ nínú géèmù tàbí láti wọ yàrá wọn. Ẹni tí fáíbà ti dé àdúgbò rẹ̀ lè béèrè àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ nìkan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún un.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti ń gbá Call of Duty: Mobile, ọ̀pọ̀ Android tó ní ihò USB-C lè gba àfikún kékeré tí wáyà ń wọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti dán an wò lórí tèmi, àmọ́ fóònù ò ní lè gba iná lásìkò kan náà àyàfi tí àfikún náà bá ní ihò kejì. Kó tó di ìyẹn, ẹ kàn gbé àga yín súnmọ́ ráútà kí ẹ lo 5 GHz.

Mo fún wáyà náà ní 4 nínú 5. Máàkì tí mo yọ jẹ́ ti ike kékeré orí rẹ̀ tó ń mú un nínú ihò: ó kán nígbà tí mo sún PS4 láti gbálẹ̀, wáyà sì ń yọ fúnra rẹ̀ láàárín ìdíje títí mo fi padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ fi orí mìíràn sí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ki bọ́ọ̀tù rọ́bà sí i kí wọ́n tó fi orí sí i, ó ń dáàbò bo ike yẹn. Kí ẹ sì ra mítà kan tàbí méjì lé sí ohun tí ẹ wọ̀n, torí igun ògiri ń jẹ wáyà.