Laptop Linux tàbí Steam Deck: èwo ló yẹ owó yín ní Ìkòròdú?

Ọmọ kan ládùúgbò wa ní Ìgbógbó gbé Steam Deck tòkunbọ̀, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tí ilé-iṣẹ́ Valve ṣe, wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ó ti gba àjọ, ó ti wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, ó ti sanwó. Ẹni tó tà á fún un búra pé kò sí géèmù tí kò lè gbé. Bọ́ọ̀lù tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ máa gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló torí ẹ̀ rà á. A jọ tẹ géèmù náà. Ojú ẹ̀rọ ṣú, ìkọ̀wé kékeré kan yọ, ó sì dá wa padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. A tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. "Ẹ̀gbọ́n, àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?" Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Géèmù tó fẹ́ gan-an ni kò sí lára ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbé, kò sì sẹ́ni tó là á yé e kó tó náwó.

Ó dùn mí wọra. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi owó gidi ra laptop Linux tàbí ẹ̀rọ géèmù tí a ń fọwọ́ méjèèjì gbá mú, ẹ jẹ́ kí n gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí a ṣe ń gbé níbí ni màá fi wọ̀n wọ́n: iná tó ń wá tó ń lọ, dátà tó wọ́n, ọjà tòkunbọ̀ tó jẹ́ pé ojú ẹni ni wáràńtì rẹ̀.

Orúkọ géèmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀

Linux jẹ́ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows, òun náà ló sì wà nínú Steam Deck. Windows ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ géèmù kọ̀ǹpútà fún. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí Linux ni Proton, tí ilé-iṣẹ́ Valve gbé jáde lọ́dún 2018. Orí Wine, tó ti wà láti 1993, ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹ fojú ògbufọ̀ kóòtù wò ó: géèmù ń sọ èdè Windows, Proton ń gbọ́ ọ, ó ń tún un sọ fún Linux lójú ẹsẹ̀. Ògbufọ̀ yìí mọṣẹ́. Elden Ring, Cyberpunk 2077, The Witcher 3, Red Dead Redemption 2, Forza Horizon 5, Football Manager 2024, gbogbo wọn ló ń gbé. Counter-Strike 2 àti Dota 2 kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, torí wọ́n ṣe wọ́n fún Linux fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ògbufọ̀ kò tó ni ọ̀rọ̀ ojóóró. Géèmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jọ gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ àwọn olójóóró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan fẹ́ wọ ìsàlẹ̀ Windows lọ pátápátá kí wọ́n tó gbà pé kò sí màgòmágó. Tí wọ́n bá dé tí wọn ò bá Windows nílé, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC 24 àti 25, Fortnite, Valorant àti Call of Duty: Warzone kò fi ń gbé lórí Linux. Apex Legends ń gbé tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ Linux níparí October 2024. GTA V ń gbé tó bá jẹ́ pé ìtàn inú rẹ̀ lẹ fẹ́ gbá. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé wọ̀ mọ́ láti September 2024.

Nítorí náà, ẹ mú bébà, ẹ kọ géèmù márùn-ún tẹ́ ẹ máa ń gbá jù sílẹ̀. Ẹ wá orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí ProtonDB, níbi táwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ ti ń sọ bó ṣe rí. Platinum àti Gold, ẹ fọkàn balẹ̀. Borked, kò gbé rárá. Bó bá jẹ́ pé FC ló gba ipò kìíní, ẹ má ra Linux kankan, bóyá laptop ni o, bóyá Deck ni. PS4 tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ wá lọ. Mo fẹ́ràn Linux gan-an, àmọ́ mi ò ní tìtorí ìyẹn sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún yín.

Iná ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀

Fún àwa tí à ń gbé níbí, ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Steam Deck jáde ní February 2022. Ṣájà rẹ̀ kò ju 45W lọ, ọpọlọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í sì í fa ju 15W. Bátìrì èyí tó kọ́kọ́ jáde, tí a ń pè ní LCD, jẹ́ 40Wh (Wh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà). Ti OLED tó jáde ní November 2023 jẹ́ 50Wh. Valve sọ pé LCD á gbé wákàtí 2 sí 8, OLED wákàtí 3 sí 12. Géèmù ńlá ló ń mú un wá sí ìsàlẹ̀, géèmù kékeré bíi Stardew Valley ló ń gbé e lọ sókè. Páwà báǹkì 20,000mAh tó jẹ́ ojúlówó ní nǹkan bíi 74Wh nínú. Ó lè kún bátìrì OLED lẹ́ẹ̀kan, kí díẹ̀ sì ṣẹ́kù, bí ojú USB-C rẹ̀ bá lè tú 45W jáde. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á.

Laptop iṣẹ́ bíi ThinkPad T14 tó ní ọpọlọ AMD, ṣájà 65W ló ń lò, USB-C náà sì ni. Ínfátà kékeré gbé e. Páwà báǹkì tó lágbára pàápàá gbé e.

Laptop géèmù tó ní káàdì àwòrán NVIDIA GTX 1650, ṣájà rẹ̀ máa ń tó 135W sókè. Tẹ́ ẹ bá dé RTX 3060, ṣájà rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti Deck. Bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tó bá ń gbá géèmù láìsí iná. Bí ṣájà bá ti yọ ni eré rẹ̀ ń dín kù. Ẹni tó ní laptop yìí, tó sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" nìkan ló ní, epo rẹ̀ á máa bá a ṣiṣẹ́ torí géèmù. Mo mọ bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìjà, tí ẹ kò tíì dé ibi tí ẹ ti lè fi eré pamọ́. Lórí Deck, ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì òkè lẹ́ẹ̀kan, ó sùn. Tẹ́ ẹ bá jí i lọ́la, ibi tẹ́ ẹ dúró sí náà ló wà. Ohun kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀.

Tó bá jẹ́ laptop, èwo?

Láti October 14, 2025 tí Microsoft ti dá ìtọ́jú Windows 10 dúró, laptop tòkunbọ̀ tí kò lè gba Windows 11 pọ̀ lọ́jà ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Linux ń tún irú wọn sọ jí, ìyẹn sì dáa fún àpò wa. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló lè gbá géèmù.

Ẹ sá fún ọpọlọ Intel ìran kẹrin àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Vulkan, èdè tí Proton fi ń bá àwòrán sọ̀rọ̀, kò pé lára wọn. ThinkPad T480 ti 2018, tó ní Intel ìran kẹjọ, dáa fún iṣẹ́, ó dáa fún Football Manager àti géèmù àtijọ́, ojú ihò RAM méjì ló sì ní. Kì í ṣe ẹ̀rọ Cyberpunk.

Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni T14 Gen 1 tó ní Ryzen 5 PRO 4650U. Dráífà AMD, ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè lo ẹ̀yà àwòrán ẹ̀rọ náà, ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀: ẹ fi Linux sí i, ó tán. Ẹ fi RAM kejì kún un dé 16GB, kì í ṣe torí oge. Irú ẹ̀rọ yìí kò ní RAM àwòrán tirẹ̀, ara RAM ńlá ló ti ń bù, RAM ẹyọ kan ṣoṣo sì ń jẹ́ kó máa rìn bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Pẹ̀lú méjì, GTA V ṣeé gbá lórí 720p, ẹ tún lè ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, ẹ lè kọ kóòdù, ẹ lè ṣe CV yín. Lójú géèmù nìkan, Deck lágbára jù ú lọ, kí n má purọ́.

NVIDIA? GTX 1650 sókè ṣì ń gba dráífà tuntun. GTX 1050 àti 1060 ti dé ìpẹ̀kun: ìran dráífà 580 ló gbẹ̀yìn fún wọn. Tẹ́ ẹ bá rí i ní ẹ̀dínwó, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bazzite àti Pop!_OS, oríṣi Linux méjì, ní èyí tí wọ́n ti di dráífà NVIDIA mọ́ láti ilé, ẹ lò ó, ẹ má fi òru jìjà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ àfọwọ́mú

OLED dáa ju LCD lọ: ojú rẹ̀ jẹ́ 7.4 ínǹṣì, 90Hz, ó fúyẹ́ díẹ̀ (640g sí 669g). Ní Amẹ́ríkà, 549 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, LCD bẹ̀rẹ̀ láti 399. Valve kò ṣe LCD mọ́, nítorí náà tòkunbọ̀ ni ẹ máa rí. LCD ni màá rà tí owó bá kéré, pàápàá tí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn méjèèjì ló ní ojú fún microSD, SSD inú wọn sì ṣeé pààrọ̀, 2230 ni orúkọ ìwọ̀n rẹ̀.

Legion Go S tí Lenovo ṣe jáde pẹ̀lú SteamOS, Linux tí Valve fi sínú Deck, ní May 2025. Ojú rẹ̀ jẹ́ 8 ínǹṣì, bátìrì rẹ̀ 55.5Wh. Ó wuwo ju Deck lọ. ROG Ally, Windows ló bá wá. Bazzite lè sọ ọ́ di ti Linux, àmọ́ ẹni tí kò tíì fi Linux sí ẹ̀rọ kankan rí, kó má fi èyí bẹ̀rẹ̀.

Fún ọmọdé, Anbernic RG35XX H tó. Ojú 3.5 ínǹṣì, bátìrì 3,300mAh, Linux kékeré ló wà nínú rẹ̀, géèmù ayé àtijọ́ ló ń gbá. Kò nílò dátà rárá.

Níwájú ẹni tó ń tà á

Ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó ṣe èyí. Fún laptop, ẹ ti gbé Linux Mint, oríṣi Linux kan, sórí fláàṣì láti ilé. Lórí ThinkPad, ẹ tẹ F1 nígbà tó bá ń ṣí: tó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ẹ dá a padà, kò sí ọ̀nà ìrọ̀rùn tí wọ́n fi ń yọ ọ́. Tí kò bá béèrè, ẹ pa á, ẹ tún un ṣí, ẹ tẹ F12, ẹ yan fláàṣì. Mint á ṣí láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ ṣí ibi ìkọ àṣẹ, ẹ tẹ `upower -d`, kí ẹ wo energy-full àti energy-full-design. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 25 tí èkejì jẹ́ 50, ìdajì bátìrì ti lọ. Ẹ yí ojú ẹ̀rọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Iye tó ń pè máa ń rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Àṣẹ kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí Deck tẹ́ ẹ bá wọ Desktop Mode. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, lábẹ́ Controller, kí ẹ wá ibi ìdánwò bọ́tìnnì. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára ọ̀pá méjèèjì tí a fi ń darí géèmù. Bí ààmì rẹ̀ bá ń rìn fúnra rẹ̀, ọ̀pá náà ti ṣíwèrè, ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ ti yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò.

Dátà

Red Dead Redemption 2 tó 150GB. Mi ò mọ ẹni tó ń fi dátà fóònù gbé ìyẹn wálẹ̀ ní Ìkòròdú tí inú rẹ̀ dùn. Láti February 2023, Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù ti Valve, lè kó géèmù láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn bí wọ́n bá jọ wà lórí Wi-Fi kan, láì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ dátà. Ẹ wọ Settings, ẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ láyè, kí ẹni tó ti ní géèmù náà lórí laptop rẹ̀ wá sílé yín. Onítọ̀hún àti ẹ̀yin, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ti ra tirẹ̀. Dọ́là ni Steam fi ń tà á fún wa, nítorí náà ìgbà ẹ̀dínwó ni kẹ́ ẹ máa rajà.

Ọmọ Ìgbógbó yẹn kò ta Deck rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó wà ní yunifásítì LASUSTECH, ní Football Manager 2024 lórí T480 rẹ̀. Ọmọ náà ra tirẹ̀ nígbà ẹ̀dínwó, a wá kó géèmù náà láti orí T480 sórí Deck lórí hotspot fóònù mi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ dátà kankan. Nígbà tí mo fi máa jáde nílé wọn, iná ti lọ, ó sì ti ń wá agbábọ́ọ̀lù rà fún ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú géèmù.